Ẹja góòlù tó já bọ́ lóru ọyẹ́

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ mú n'Íbàdàn débi pé ètè ń bó, fóònù mi dún kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ìyá àgbà kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti ń bá tọ́jú tánkì ẹja wọn láti ọdún mẹ́ta. Wọn kò dúró kí n kí wọn tán. "Ọmọ mi, ẹja ńlá yẹn ti kú o. Orí ilẹ̀ la bá a."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, bóyá ibi tó fi ń mí ṣì ń ṣí tó sì ń pa dé. Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sínú fóònù. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó ń ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é."

Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ nù ún, kí wọ́n bu omi inú tánkì yẹn gan-an sínú abọ́, kí wọ́n gbé e sínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ife bu omi náà dà padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Mo gun ọ̀kadà.

Mò ń kọ ọ̀rọ̀ ẹja yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí a jọ ń tọ́jú ẹja ọ̀ṣọ́ nílé onílé, nítorí pé ìṣubú yẹn kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìtọ́jú wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ọwọ́ èmi fúnra mi sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wá.

Tánkì náà gba lítà 120. Ẹja góòlù 5 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pọ̀ jù fún un, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó já bọ́ ló tóbi jù: ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó pupa bí osùn, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ta nínú ilé náà. Ọmọ-ọmọ màmá, ọmọkùnrin ọdún 11, ló ni ín. Bàbá rẹ̀ ló rà á fún un kó tó lọ sókè òkun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí gbogbo ilé máa wá nǹkan ṣe fún ẹja náà, tí kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ lẹ́rán kó máa wò ó.

Gíláàsì méjì ló yẹ kó bo tánkì náà lórí. Ọ̀kan fọ́ nígbà Kérésì, wọ́n wá fi páálí dí àyè rẹ̀. Omi rin páálí, ó rọ̀, ó sì yẹ̀ sápá kan. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọmọ náà fún àwọn ẹja lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. Iná lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́, wọn kò sì tan jẹnẹrétọ̀ nítorí owó epo. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà, ìjẹrà náà ń gba atẹ́gùn inú omi, ẹja 5 ń gba atẹ́gùn inú omi, kò sì sí ohun tó ń dá a padà. Nígbà tí mo wọlé, àwọn 4 tó kù wà lójú omi, wọ́n ń la ẹnu wọn pá, pá, pá. Mi ò nílò láti bi ẹnikẹ́ni ní ìdí tí ọ̀gá wọn fi fò. Ẹja kì í ṣàdédé fò kúrò nínú omi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀rọ oníbátìrì tó wà nínú àpò mi ni mo kọ́kọ́ tì bọ tánkì yẹn kí n tó yíjú sí ẹni tó ń ṣàìsàn, torí àwọn 4 wọ̀nyẹn náà ti ń lọ.

Ohun méjì ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Aṣọ ìnulẹ̀ tútù kan wà nísàlẹ̀ tánkì, orí rẹ̀ ló bọ́ sí, ọyẹ́ kò sì rí ibi ìmí rẹ̀ gbẹ tán. Èkejì ni pé ẹja góòlù lágbára ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín, ó ti lé ní 1,000 ọdún, ó sì wà lára ẹja díẹ̀ tó lè fara da àìsí atẹ́gùn fún ìgbà díẹ̀. Ara rẹ̀ máa ń sọ oró tí àìsí atẹ́gùn ń dá sílẹ̀ di ọtí, irú èyí tó wà nínú ẹmu, á sì tú u jáde gba ibi ìmí.

Aládùúgbò kan tó ń sin àrọ̀ lẹ́yìnkùlé wà níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé àrọ̀ máa ń pẹ́ lórí àtẹ lọ́jà jù báyìí lọ tí kì í kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrọ̀ ní ẹ̀yà ara mìíràn lókè ibi ìmí rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde bíi tiwa. Ẹja góòlù kò ní irú rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa àrọ̀ ni púpọ̀ nínú wa fi ń tọ́jú gbogbo ẹja, ó sì máa padà kàn wá níwájú.

Mo gbé abọ́ náà sí ojú fèrèsé kí n lè rí i dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi balẹ̀. Ìpẹ́ ti ṣí kúrò níbì kan tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò méjì, ẹran abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìrù ti ya sọ́nà mẹ́ta. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ kan ní ojú ẹ̀jẹ̀ wínníwínní ní ìdí. Ojú òsì ṣú bíi gíláàsì àtùpà tí èéfín bò. Eruku, irun orí ènìyàn, àti fọ́nrán aṣọ ìnulẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, torí omi tó máa ń yọ̀ lára ẹja bí omi ilá ti gbẹ mọ́ ọn. Irun kan gùn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wọ abẹ́ ibi ìmí. Ọwọ́ ń yún mi láti fà á. Mo ti ọwọ́ mi bọ àpò.

Omi yíyọ̀ yẹn ni awọ àkọ́kọ́ tí ẹja ní. Òun ló ń dènà àwọn kòkòrò àìfojúrí tó kún inú omi. Ẹni tó bá fi èékánná ha irun kúrò á ha ìpẹ́ mọ́ ọn, á sì ṣí ọ̀nà mìíràn fún àrùn. Mo ń fi ife bu omi dà sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbà tó ìṣẹ́jú 20. Irun náà rọ̀, ó fì, ó sì wọ́ jáde fúnra rẹ̀, bíi fọ́nrán tó ń tú kúrò lára aṣọ. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí i. "Àǹtí ẹlẹ́ja, ó ti jáde!"

Ibi ìtọ́jú tí mo ṣètò fún un ni ike ńlá kan tó gba lítà 40, ìdajì rẹ̀ omi tánkì àtijọ́, ìdajì rẹ̀ omi bóhòòlù ilé náà tó ti sùn mọ́jú nínú bàgẹ̀. Omi bóhòòlù kò ní kílórínì, ìyẹn sì dáa; ká ní omi ẹ̀rọ ni, mi ò ní bù ú sí i láì kọ́kọ́ pa kílórínì inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀ kì í sábà ní atẹ́gùn tó, ìdí nìyẹn tí mo fi mú èyí tó ti sùn. Omi náà kò jìn, kí aláìsàn má baà máa tiraka gun òkè. Tẹmómítà sọ pé dígírì 22, ìyẹn sì bá ẹja góòlù lára mu, torí kì í ṣe ẹja tó nífẹ̀ẹ́ ooru. Mo ti ẹ̀rọ atẹ́gùn bọ̀ ọ́, mo ta àwọ̀n sórí ike náà, mo sì fi aṣọ dúdú bo ìdajì rẹ̀.

Iyọ̀ ló kàn. Gíráàmù 2 fún lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gíráàmù 80 fún gbogbo rẹ̀. Mo yọ́ ọ sínú ife omi, mo sì dà á sí i lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí mẹ́ta. Iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni. Áyódìn tó wà nínú rẹ̀ kéré débi pé kò lè ṣe ẹja ní nǹkan kan ní ìwọ̀n yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí kí iyọ̀ lè pa kòkòrò la ṣe ń lò ó. Iṣẹ́ tó tóbi jù tó ń ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹja inú omi dídùn ní iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 9 nínú lítà kan, omi tó yí i ká kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá. Nítorí náà omi ń wọ inú ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kíndìnrín rẹ̀ sì ń tì í jáde tọ̀sán-tòru. Ẹja tí ìpẹ́ ti ṣí lára rẹ̀ dà bí ilé tí páànù ti ṣí: omi ń ya wọlé ju bí ara ṣe lè gbọ́n ọn lọ, iyọ̀ ara sì ń ṣàn dànù. Bí a bá fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, ẹrù kíndìnrín á fúyẹ́, ara á sì ráyè rán ọgbẹ́.

Mi ò fi oògùn kankan sí i. Mo sọ fún màmá pé kò gbọdọ̀ jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ rí iná, kí wọ́n má sì gbé e. Mo lọ.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe rèé. Nínú tánkì ńlá, fóòmù méjì ló ń sẹ́ omi. Inú fóòmù bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò rere ń gbé, àwọn tó ń sọ amóníà tó ń jáde lára ẹja di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Mo yẹ kí n gé ìdajì ọ̀kan sínú ike. Mi ò gé e. Mo wo àwọn 4 tó ń mí gúlegúle nínú tánkì, àánú ṣe mí láti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Mo sì sọ lọ́kàn mi pé ẹja tí kì í jẹun kò lè bà omi jẹ́ púpọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èrò yẹn ì bá tọ̀nà ká ní èmi nìkan ni mo wà nínú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dúró gírí, lẹbẹ rẹ̀ ń fì. Inú gbogbo wa dùn. Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, wọ́n pè mí: ó ti dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ ike, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

Nígbà tí mo dé, omi ike náà ti dà bíi tíì tó ti ṣá, ìfófòó funfun sì wà lójú rẹ̀. Oúnjẹ ẹja tó ti wú wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti ká aṣọ dúdú kúrò. Gbogbo ilé ló dúró yí ike náà ká, gbogbo wọn sì ń nàka sí ọgbẹ́. "Ọgbẹ́ yẹn ti ń pa á," ni màmá wí.

Mo wo ọgbẹ́ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe wà lọ́jọ́ Sátidé náà ló wà. Bí ọ̀ràn bá ṣú òkùnkùn, a máa ń bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Mo bu omi sínú ìgò ìdánwò kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Àwọ̀ ewé tó ki ló yọ: amóníà mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, pH, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan, sì jẹ́ 7.8. Bí pH bá ṣe ń ga sí i ni apá tó léwu jù nínú amóníà ń pọ̀ sí i, nítorí náà 2 ní pH yẹn ń jó ibi ìmí ẹja bí ata ṣe ń jó ojú. Ẹja náà kò ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Omi ló bàjẹ́ mọ́ ọn lórí.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ òtítọ́ fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un. Màmá ti fún un lóúnjẹ lálẹ́ Àìkú. "Ta ló ń gbádùn lórí ebi?" ni wọ́n bi mí, mi ò sì lè bínú sí ìyá tó béèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ló ká aṣọ, torí kò fẹ́ kí ẹja wà nínú òkùnkùn. Aládùúgbò tó ń sin àrọ̀ ló tú kápúsù tẹtirasáíkílìn mẹ́rin sínú omi láàárọ̀ Mọ́ńdè, bó ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe fún àrọ̀ rẹ̀. Òun ló sọ omi di aláwọ̀ tíì, torí oògùn yẹn máa ń dúdú bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Nínú omi bóhòòlù tó kún fún kalisíọ̀mù bíi ti ilé yẹn, kalisíọ̀mù máa ń dì mọ́ ọn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara ẹja. Kò wo nǹkan kan sàn. Gbogbo wọn ló ṣe é nítorí ìfẹ́.

Mo gbọ́n oúnjẹ jíjẹrà jáde. Mo yọ omi lítà 20, mo dá lítà 20 padà pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù 40 kí ìwọ̀n iyọ̀ má baà sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ mo tún un ṣe. Mo wá ṣe ohun tí mi ò ṣe lọ́jọ́ Sátidé: mo gé ìdajì fóòmù kan nínú tánkì ńlá, mo gbé e sínú ike náà bó ṣe rí, láì fọ̀ ọ́, mo sì so ẹ̀rọ atẹ́gùn mọ́ ọn. Ó dọ̀tí, omi aláwọ̀ ilẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Màmá wò ó, wọ́n wò mí. Mo ní, "Màmá, ìdọ̀tí yìí ni nọ́ọ̀sì rẹ̀."

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá tún sọ fún ilé yẹn pé kí wọ́n má ṣe nǹkan kan, wọ́n á tún ṣe nǹkan. Mo pe ọmọ náà jókòó. Mo fi bí ibi ìmí ẹja ṣe ń ṣí tó ń pa dé hàn án, mo sì ní kó máa kà á fún ìṣẹ́jú kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé. Màmá ló ń mú aago dání. Iye tó kọ́kọ́ kọ, lálẹ́ Mọ́ńdè, ni 118. Láàárọ̀ Túsìdeè, 109. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, 84. Láti ìgbà tí mo ti gbé iṣẹ́ yẹn lé wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó fi ohunkóhun sínú omi mọ́. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìgbà pípẹ́, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ẹni tó fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn kò lè káwọ́ gbera, àti pé èmi ni mo ní láti wá iṣẹ́ tí kò kan omi fún un.

Amóníà ti sọ̀kalẹ̀ sí 0.25 lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wàhálà mìíràn yọjú. Nǹkan funfun hù létí ọgbẹ́, ó kéré bí òwú tí a já lára ọ̀já. Ibí yìí ló yẹ ká fara balẹ̀ sí, torí ohun méjì ló máa ń rí báyìí lójú, ìtọ́jú wọn kò sì bára mu. Ọ̀kan ni ohun tí a ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, tó jọ ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu. Èkejì ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Flavobacterium columnare, tó fẹ́ràn omi gbígbóná, tó sì lè jẹ ẹran ara ẹja títí láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Mo fi abọ́ gbọ́n ẹja náà pọ̀ mọ́ omi sínú ike tó mọ́ gaara, torí àwọ̀n á tún ha ìpẹ́ rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Nǹkan funfun náà ní irun, irun náà ga kúrò lára, ó sì ń fì bí omi ṣe ń fì. Ti bakitéríà yẹn máa ń lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ara, etí rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo dúró títí di alẹ́ kí n tó pinnu. Kò fẹ̀ sí i. Omi sì wà ní dígírì 22. Mo gbà pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ni.

Oògùn aláró tí wọ́n ń pè ní methylene blue wà nínú àpò mi. Bí mo bá dà á sínú ike, á pa àwọn kòkòrò inú fóòmù, amóníà á sì padà dé. Mi ò tún fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lọ. Iyọ̀ ni mo tún lò, lọ́nà mìíràn: lítà 5 omi inú ike kan náà, iyọ̀ gíráàmù 50, ẹ̀rọ atẹ́gùn nínú rẹ̀, kí ẹja wọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó sì padà sílé. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ó fì sápá ọ̀tún. Ó gbé ara rẹ̀ ró. Ó tún fì, ikùn rẹ̀ yọ sókè. Ọmọ náà kígbe. Mo ti gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí igbe náà tó tán, mo sì dá a padà. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dúró ṣánṣán. Ẹja tó ti jẹ amóníà lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn kò lè gbà tó èyí tí ara rẹ̀ le. Ìṣẹ́jú 10 tí a kọ́ wa, òpin rẹ̀ ni. Ara ẹja ló ń sọ ìgbà tó tó. Lọ́jọ́ Àìkú mo tún un ṣe fún ìṣẹ́jú 3 péré, mo sì gbé iyọ̀ inú ike lọ sí gíráàmù 3 fún lítà. Lọ́jọ́ Túsìdeè, òwú náà ti já kúrò lára rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn kan náà ló jẹun. Hóró oúnjẹ kan tí a ti rẹ, ó ń rì bọ̀. Ó wò ó, ó jẹ́ kó kọjá, ó yí ìrù yíya rẹ̀, ó sì fà á sẹ́nu. Ó tu ú jáde. Ó tún un gbé mì. Hóró méjì la fún un, kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mò ń yọ omi ìdá mẹ́rin, mò ń fi èyí tí kò níyọ̀ rọ́pò rẹ̀ kí iyọ̀ lè máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ojú òsì ń mọ́ sí i. Ìrù ń so pọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá pè mí lálẹ́, ohùn wọn gbọ̀n. "Ó ti ń rà. Ibi ọgbẹ́ ti dúdú." Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ibi tí ìpẹ́ ti ṣí náà dúdú lóòótọ́, bí ìgbà tí a fi èédú nù ún, etí rẹ̀ sì tún kọjá díẹ̀ sí ara tí kò gbọgbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín ayọ̀. Nígbà tí awọ ẹja góòlù bá ń jinná, àwọn ohun tó ń gbé àwọ̀ dúdú nínú awọ rẹ̀ máa ń rọ́ wá síbẹ̀, ẹni tí kò bá rí i rí á rò pé ikú ló ń bọ̀. Ohun tí mo wá bi wọ́n ni pé mélòó ni ọmọ kà lónìí. "Méjìdínláàádọ́rin," wọ́n ní. Mo ní, "Màmá, ẹja tó ń kú kì í mí bẹ́ẹ̀." Iye inú ìwé yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan kì bá tó, aládùúgbò ì bá sì ti tún tú kápúsù mìíràn. Lábẹ́ dúdú náà, ìpẹ́ tuntun ti ń yọ, ó tín-ín-rín, ó sì mọ́ bí awọ àlùbọ́sà.

A dá a padà sínú tánkì ní Sátidé karùn-ún. Kó tó wọlé, mo tún àwọn òkúta inú tánkì tò kí àwọn 4 tó kù má baà rò pé àlejò wọ ilẹ̀ wọn, mo sì dúró wákàtí méjì láti wò bóyá wọ́n á lé e. Wọ́n tẹ̀ lé e kiri, wọn kò jẹ ẹ́. Gíláàsì tuntun ti wà lórí tánkì, tí a gé bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń tan fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ. Ìyẹn ni ìtọ́jú tí mo yẹ kí n ti ṣe nígbà Kérésì, nígbà tí mo rí páálí yẹn tí mo sì kọjá lára rẹ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò kúrò nílé oníbàárà kankan láì fi fóòmù kan kún ti inú tánkì wọn, fóòmù tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa kó kòkòrò rere jọ de ọjọ́ àìsàn. Bí wọ́n bá pè mí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni ohun tí ẹnikẹ́ni ti fi sínú omi, mo sì máa ń béèrè rẹ̀ lọ́nà tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pa mọ́. Mo ń dán omi wò kí n tó wo ọgbẹ́. Nínú àpò mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì, ìwé ọmọ iléèwé olójú ewé 40 wà níbẹ̀ báyìí pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, mo sì ń bi wọ́n ta ni yóò máa kà á kí n tó sọ̀rọ̀ oògùn.

Ojú òsì ẹja náà ṣì ní àmì funfun kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé ọmọ náà wà lórí tánkì, òkúta kan sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fáànù má baà ṣí i. Mi ò ní kó máa kà á mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kà á. Ìlà tó kẹ́yìn lọ báyìí: "Sátidé. 64. Ó jẹ hóró 3. Mo ti pa gíláàsì dé."